Ìbọ̀sẹ̀ Ẹlẹ́rìí

Tíì gbígbóná dà sí Búsàrí lẹ́sẹ̀, kò sì fa ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn.

A wà ní yàrá ìdúró ilé ìwòsàn Òkè-Ọsàn. Ọmọ mi Wàhábì ń gba tíì lẹ́nu ẹ̀rọ tó wà lára ògiri, ife kún jù, omi náà sì dà sórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, níbi tí wọ́n ti yọ síta nínú sílípáàsì funfun tí wọ́n fi ń pààrọ̀ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Èéfín ń jáde níbẹ̀. Awọ ẹsẹ̀ náà pọ́n. Búsàrí ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ń sọ fún Wàhábì pé láti ìgbà tí ìjọba ti gbé ìbọ̀sẹ̀ ẹlẹ́rìí jáde, kò sí ilé ìwòsàn kankan tó tíì gbọ́ agogo ilé wa.

Wàhábì ò rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ti yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Èmi nìkan ni mo rí i, nítorí èmi kì í wo Búsàrí lójú tó bá ń sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti pinnu pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni n ó máa wò.

Mo tẹjú mọ́ ọn. Egbò kan wà láàárín ọmọ ìka méjì, etí rẹ̀ ti dúdú, inú rẹ̀ sì ń yọ omi. Láti àárọ̀ ni òórùn kan ti ń kàn mí tí mo rò pé ẹran ló bàjẹ́ síbì kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ Búsàrí ni. Gbogbo wa nílé la mọ̀ pé ó ní àtọ̀gbẹ. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé àrùn náà ti pa ẹsẹ̀ rẹ̀ kú, pé ó ń gbé e kiri bí ẹni gbé igi. Itọ́ kún mi lẹ́nu, kò sì síbi tí mo lè tu ú sí.

Ìyàwó Wàhábì, Ṣìfáwù, wà lórí ibùsùn onítáyà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn. Ọmọkùnrin ló wà níbẹ̀, ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́. Ojú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ dí. Ìtọ̀ náà ń kún un nínú, ó sì ti ń tẹ kíndìnrín rẹ̀ pa. Wọ́n fẹ́ ki abẹ́rẹ́ gígùn gba ikùn ìyá kọjá sínú ikùn ọmọ, kí wọ́n fi ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín kan sí i kí ìtọ̀ lè máa jáde. Dókítà ti sọ pé tí òní bá kọjá, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè ṣe sí kíndìnrín náà.

Nígbà tí Wàhábì lọ wá omi tútù fún Ṣìfáwù, obìnrin náà pè mí súnmọ́ ara rẹ̀.

"Bàbá, wọ́n ní abẹ́rẹ́ kékeré méjì ló ṣáájú. Ọ̀kan ni kò ní jẹ́ kí ọmọ lè mì. Èkejì ni kò ní jẹ́ kó dùn ún. Wọ́n ní tí Bàbá Àgbà Búsàrí ò bá lu agogo, àwọn ò ní fún un ní èkejì."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Bàbá Àgbà ò sì lù ú rí," ó wí.

Mo ń gbóòórùn ẹsẹ̀ yẹn.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, àríyànjiyàn ni wọ́n máa ń ṣe nípa ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn dókítà kan ní ọmọ inú kò mọ ìrora, pé bó ṣe ń fò tí abẹ́rẹ́ bá kàn án kò yàtọ̀ sí bí ẹsẹ̀ ṣe ń fò tí wọ́n bá gbá ènìyàn lórúnkún. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ń yí padà, pé ohun tó ń rú sínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tí ẹ̀rù bá bà ló ń rú sínú tirẹ̀ náà. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ tó ń ka ẹ̀rù yẹn. Àwọn ilé ìwòsàn ra ẹ̀rọ náà, wọ́n sì ra àwọn tó ń tún un ṣe, gbogbo ọmọ inú sì wá di ẹni tí ara tù. Nígbà tí àṣírí tú, ìjọba ní òun kò gba ẹ̀rọ gbọ́ mọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ ènìyàn ni yóò máa jẹ́rìí. Ni wọ́n bá hun ìbọ̀sẹ̀. Ohun tó bá ń ṣe ọmọ nínú ikùn ni yóò máa ta ẹni tó wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Tó bá ta á, kó lu agogo, wọn á fún ọmọ ní oògùn ìtura. Tí kò bá lù ú, oògùn á padà sínú àpótí, torí kò pọ̀ nílùú.

Àwa la wá ba òfin náà jẹ́. Ìjọba ní kí ìdílé baba ọmọ yan ẹnì kan. A kò yan ẹnikẹ́ni, a gbé e fún àgbà ilé, bí a ṣe ń gbé orí àgbò fún un lọ́jọ́ iléyá. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ẹsẹ̀ àgbà náà yá. Lẹ́yìn náà a sọ ọ́ di ìdíje. Ilé tí agogo wọn kò dún ni ilé akọni, wọn á rán bọ́tìnnì funfun kan mọ́ fìlà àgbà wọn. Ilé tí agogo wọn bá dún, àwọn ọmọdé á máa kọrin tẹ̀ lé wọn lọ́nà. Bọ́tìnnì ti yí fìlà Búsàrí ká bí eégbọn lára ajá. Ó ti wá gbajúmọ̀ débi pé àwọn ilé mìíràn ń wá yá a. Wọn á pè é ní bàbá wọn fún ọjọ́ kan, á lọ jókòó, agogo kò ní dún, wọn á sì pa ewúrẹ́ fún un. Mo jókòó níbẹ̀ mo ń ro iye ikùn tó ti jókòó tì báyìí pẹ̀lú òkú ẹsẹ̀ náà.

Wọ́n pè wá. Ilẹ̀kùn yàrá abẹ́rẹ́ máa ń mọ gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, Àlàájì Búsàrí." Ó kí Wàhábì, ó kí Ṣìfáwù. Nígbà tó kàn mí, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, àlejò."

Iṣẹ́ ọwọ́ Búsàrí nìyẹn náà. Ìwé kẹrin ni mo wà nígbà tí ìjọba ní ọmọ kan péré láti ilé kọ̀ọ̀kan ni àwọn á máa kọ́. Èmi ni mo wà níbẹ̀ fún ilé wa. Búsàrí fẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ wọlé, ó sì lọ sọ fún wọn pé mo ti kú. Wọ́n nù mí kúrò nínú ìwé orúkọ. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa rí mi lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kejì, ó ní òun bá mi kẹ́dùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń tọ́jú ẹja nínú omi àwọn ẹlòmíràn, tí gbogbo ilẹ̀kùn ń pè mí ní àlejò. Láti ìgbà yẹn náà ni n kò ti pè é ní ẹ̀gbọ́n mọ́, n kò sì dọ̀bálẹ̀ fún un. Àwọn ará ilé ti bẹ̀ mí títí, ó ti sú wọn.

Nínú yàrá náà, apá irin mẹ́rin sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àjà. Ojú dókítà wà nínú gíláàsì lára ògiri, ìlú mìíràn ló wà, ó ń jẹ nǹkan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti fi àwòrán ọmọ inú náà hàn wá. Ó ń ta ẹsẹ̀, ó fi àtàǹpàkò sẹ́nu. Apá irin kan gba ikùn Ṣìfáwù, ó fún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ sí itan. Ó fò. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Àtàǹpàkò rẹ̀ yọ kúrò lẹ́nu, ọwọ́ náà sì ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó ń léfòó.

Ṣìfáwù béèrè bóyá ó ti sùn. Nọ́ọ̀sì tó wà lọ́dọ̀ wa, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Títíayọ̀, ní kò sùn, kò kàn lè mì mọ́ ni. Ó sọ ọ́ láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà náà ló kúnlẹ̀ láti wọ ìbọ̀sẹ̀ fún Búsàrí. Mo rí i tó pa èémí mọ́. Mo rí i tó rí egbò náà. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ lé e lórí, ó fà á gùn, ó sì dìde. Ilé ìwòsàn tí agogo wọn kì í dún ni ìjọba ń yìn. Ojú àwa méjèèjì pàdé, òun ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ kúrò.

Búsàrí jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé orí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀, jìnnà sí agogo. Dókítà ní òun fẹ́ gún ọmọ náà ní ìdánwò. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn: wọn á kọ́kọ́ gún un ní ìgún kékeré kí ẹlẹ́rìí lè gbọ́ ọ, tí agogo kò bá dún, abẹ́rẹ́ ńlá á wọlé. Abẹ́rẹ́ wọ ikùn Ṣìfáwù. Ó di etí ibùsùn mú. Lórí ògiri, mo rí ẹnu abẹ́rẹ́ náà tó kan ikùn ọmọ, ikùn náà tẹ̀ wọnú, ó sì wọlé. Ọmọ náà kò mì. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ rí i," Búsàrí wí fún nọ́ọ̀sì. "Ilé wa kì í ké."

Mo kórìíra rẹ̀ nígbà náà ju ọjọ́ tó pa mí lọ.

Ká ní mo pariwo pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, òfin mọ ohun tí yóò ṣe. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ilé kan ládùúgbò wa. Wọ́n rí i pé bàbá wọn ti mu oògùn ara ríro kó tó wọ ìbọ̀sẹ̀, wọ́n fagi lé iṣẹ́ náà, wọ́n ní kí wọ́n wá àgbà mìíràn, kí wọ́n sì padà wá gba ọjọ́. Ọmọ yẹn kò dúró de ọjọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni kí àgbà fúnra rẹ̀ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà kó sì fà á lé ará ilé rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyẹn ni pé kí n bẹ̀ ẹ́.

Mo dúró. Dókítà ti ń sọ fún apá irin kó mú abẹ́rẹ́ ńlá. Mo wo ọwọ́ ọmọ yẹn lórí ògiri. Mo gbé ẹnu mi, ó wúwo.

"Ẹ̀gbọ́n mi," mo wí.

Wàhábì yíjú sí mi bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Kò gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí láti ìgbà tí mo ti bí i. Búsàrí rọra yí ọrùn. Ó ní ta ló ń pe òun bẹ́ẹ̀, kó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun gbọ́ dáadáa. Mo tún un pè. Mo sì dọ̀bálẹ̀, mo na gbogbo ara sílẹ̀, àyà mi kan ilẹ̀. Ilẹ̀ náà ń rùn oògùn apakòkòrò, ṣùgbọ́n orí mi wà nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀, òórùn tòun borí ti oògùn. Mo gba ẹnu mí.

"Ẹ bọ́ ọ fún mi, ẹ jọ̀ọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi bí ẹni fẹ́ gbé mi dìde, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí lo rí?"

"Mo rí tíì."

Ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀ kò lọ mọ́.

"Fi ọmọ yẹn búra pé ẹnu rẹ kò ní sọ ọ́ fún ẹnì kankan."

"Mo fi ọmọ náà búra. Ẹnu mi kò ní sọ ọ́."

Nígbà náà ló gbé ohùn sókè kí gbogbo yàrá gbọ́. Ó ní àbúrò òun ti wá sábẹ́ òun nígbẹ̀yìn, pé inú òun dùn, pé nítorí bó ṣe tẹrí ba yìí, òun á yọ̀ǹda ìbọ̀sẹ̀ fún un lónìí. Wàhábì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣìfáwù kàn ń wò mí.

Ilẹ̀kùn, tó ń kọ orúkọ ẹlẹ́rìí sílẹ̀, ló fẹ́ dí wa lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì dárúkọ mi fún un, Lámídì, ó sì dáhùn pé ọmọdé tó ti kú ló ni orúkọ yẹn. Dókítà ní òun kò lè dúró mọ́. Búsàrí ti ń ṣí ìbọ̀sẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀.

"Kò kú," ó wí. "Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Àbúrò mi ni."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá. Ilẹ̀kùn sì gba orúkọ mi. Gbogbo ayé mi ni mo ti fi ń dúró de gbólóhùn yẹn. Mo ti ro bí n ó ṣe dúró nígbà tó bá sọ ọ́, irú aṣọ tí n ó wọ̀. Ilẹ̀ ni mo wà, mo ń ti ẹsẹ̀ mi bọ inú ìbọ̀sẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀. Inú rẹ̀ tutù. Omi egbò Búsàrí ló rin ín, ó ń yọ̀ mọ́ mi láàárín ọmọ ìka. Kò sí àyè láti béèrè òmíràn. Mo fà á gùn, mo sì jókòó.

Wọ́n tún gún ọmọ náà ní ìdánwò.

Mo ti rò pé yóò dà bí ẹ̀gún, tàbí bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ iná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ ta mí ní gìgísẹ̀, ó sì gùn mí dé orúnkún, lẹ́yìn náà ni ohun kan tí kì í ṣe ìrora nìkan tẹ̀ lé e. Ìsáré ni. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń sáré láìsí pé mo gbé e. Ó ń sá sọ́tùn-ún, ó ń sá sósì, kò sì síbi tó lè lọ, torí a ti dè é. Ohun tó wà lórí ògiri, tó dákẹ́ bí àwòrán, ohun tó ń ṣe nìyẹn.

Mo lu agogo. Mo lù ú, n kò gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀, ó ń dún gba gbogbo ilé náà. Dókítà gbé ojú kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀, ó ní òun ti gbọ́. Mo ṣì ń lù ú. Títíayọ̀ sáré lọ síbi àpótí, ó sì gbé oògùn ìtura wá. Nígbà tí oògùn náà wọ ọmọ náà lára, ìsáré inú ìbọ̀sẹ̀ ń dínkù díẹ̀díẹ̀, ó wá dà bí ẹni ń rìn lórí òrùlé ilé ẹlòmíràn, ó sì dá. Abẹ́rẹ́ ńlá wọlé. N kò gbọ́ ju ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kékeré kan lọ. Ọ̀pá rọ́bà jókòó sáyè rẹ̀, a sì rí i lórí ògiri tí ikùn tó wú yẹn ń rọlẹ̀.

Ṣìfáwù béèrè lọ́wọ́ mi kí ni mo gbọ́. Mo ní ara ti tù ú. Ó ní ìyẹn kọ́ lòun ń béèrè. Mo ní mo mọ̀. Ó yíjú sí ògiri, omijé ń ṣàn wọ etí rẹ̀, kò sì tún bi mí.

Mo fọ ẹsẹ̀ mi ní ibi ìfọwọ́ títí awọ fi fẹ́ bó, òórùn náà kò lọ. Wàhábì wọlé tọ̀ mí wá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ pé àwọn ènìyàn ti gbọ́ agogo náà níta, pé wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, bóyá kí a gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Mo wò ó. Ọmọ mi ni. Mo ní iwájú ni mo máa gbà.

Búsàrí ti padà sí yàrá ìdúró. Ó jókòó sí ààyè rẹ̀, sílípáàsì funfun lẹ́sẹ̀, ìdílé kan sì yí i ká. Ọkùnrin kan tó ti mú bọ́tìnnì funfun dání, ìyá àgbàlagbà kan, àti ọmọbìnrin kan tí ikùn rẹ̀ ti yọ. Wọ́n wá yá a ni. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni abẹ́rẹ́ tiwọn. Ó ń sọ fún wọn pé agogo tí wọ́n gbọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe tòun, àbúrò òun kan tí kò láyà ló bẹ òun títí, ó sì dójú ti ilé. Ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ọmọbìnrin náà béèrè, ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa, pé ṣé kì í ta Bàbá rárá ni. Búsàrí rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ń ta òun, àmọ́ akọ ni òun.

Ó rí mi. Ó gbójú sókè, ó sì fi ìka kan ètè rẹ̀ díẹ̀, láti rán mi létí.

Mo lọ síbi ẹ̀rọ tíì. Mo gba ife kan, mo jẹ́ kó kún dé etí. Ó gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń pààrọ̀ ọwọ́ mú un. Mo rìn padà wá, mo dúró síwájú wọn, mo kí ìyá àgbàlagbà náà, ó sì kí mi padà. Búsàrí ti tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ti yíjú sí ọkùnrin tó mú bọ́tìnnì dání.

Mo yí ife náà dà. Mo rọra dà á, díẹ̀díẹ̀, sórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, títí kò fi ku ẹ̀kán kan. Èéfín gòkè. Ìyá àgbàlagbà náà fa ẹsẹ̀ tirẹ̀ sẹ́yìn. Ọmọbìnrin náà wo ẹsẹ̀ tó ń pọ́n, ó wo ojú Búsàrí, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì bo ikùn rẹ̀.

Ẹnu mi kò sọ ohunkóhun. Búsàrí ṣì ń sọ fún wọn pé ilé wa kì í ké.